Pọ́n-ùn Tútù Tí Ìyá Múfú Ń Tà

Ẹ kú ilé o, Màmá mi Àgbà, àbúrò ìyá tó bí mi, ẹ̀yin tí ẹ gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá mi kò sí mọ́. Láti Kaduna níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, orúnkún tó ń dùn mí yìí náà ni mo fi kan ilẹ̀. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ kú àárò wa. Baálé ilé ńkọ́? Àwọn ìyàwó ilé ńkọ́, àtàwọn ọmọ tí mi ò tíì fojú rí? Mo kí kálukú ní ipò rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí ní kọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé àga sí ojúde, kí ẹni tó mọ̀wé jù kà á sókè, kí Lásún ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì jókòó síwájú, nítorí ẹnu rẹ̀ ló mú mi gbé bírò.

Mo gbọ́ ohun tí Lásún ń sọ káàkiri Ọ̀ffà. Ó ní àwọn òyìnbó dá mi padà. Ó ní mi ò rí físà gbà, àti pé bí mo bá tilẹ̀ rí i gbà, níbo ni n ó ti rí owó òkèèrè tí n ó ná. Lásún, físà wà nínú ìwé ìrìnnà mi, fọ́tò mi wà lára rẹ̀, mo sì le ojú nínú fọ́tò náà bí mo ṣe ń le é mọ́ ọ báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún mi. Èyí àkọ́kọ́ kú sínú ìwé nítorí pé èmi fúnra mi ni mo sọ pé mi ò lọ mọ́. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, ìjàkadì lorò wa, ẹnì kan kì í dá mi padà. Ìwé kejì péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo èyí. Ẹni tí kò bá gbádùn bí mo ṣe kọ ọ́, kí ó kọ tirẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Bùnmi, àbíkẹ́yìn mi, wà ní Ìlú Ọba pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ó lóyún, wọ́n ní kí n wá bá àwọn tọ́jú ọmọ. Wọ́n san owó ọkọ̀ òfuurufú. Ọkọ rẹ̀ ní kí n má mú kọ́bọ̀ dání, pé gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́, mo sì sọ fún un pé kò sí ohun tó jọ ọ́. Èmi ò ní jókòó sí yàrá àna mi kí n máa na ọwọ́ gba owó ọṣẹ. Àti pé mo fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ, a kì í sì í fi ọwọ́ òfo sọ ọmọ lórúkọ. Owó tí mo bá jù sínú àwo omi, owó mi ni yóò jẹ́, owó tí wọ́n ń ná ní ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ni yóò sì jẹ́.

Báńkì ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé tiwọn ló rọjú jù fún arìnrìn-àjò, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n kí n mú ìwé ìrìnnà wá, kí n mú tíkẹ́ẹ̀tì wá, kí n kọ fọ́ọ̀mù. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ ná, pọ́n-ùn kò tíì dé. Mo padà lọ, kò tíì dé. Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ ni pọ́n-ùn fi ń rìn bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí oyún kì í dúró de báńkì.

Ni mo bá kọjá sọ́dọ̀ àwọn màláàmù tó ń ṣẹ́ owó lábẹ́ igi dógóyárò. Àwọn kì í béèrè ìwé. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá pè nígbà tí ẹ ń sọ pé sannu yóò ti gòkè kí ẹ tó kí wọn tán. Màláàmù Sánì, tó dàgbà jù nínú wọn, mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń ta ègé aṣọ tí ilé iṣẹ́ Kakuri bá yọ sọ́tọ̀. Ó pè mí ní Hajiya. Gbogbo arúgbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀. Ó ní bí mo bá fẹ́ èyí tó rọjú gan-an, kí n lọ bá ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi kan ní Doka, obìnrin tó ń tà á ní iye tó dín sí ti báńkì pàápàá. Mo bi í pé kí ló dé tí àwọn kò fi rà á kí wọ́n jèrè orí rẹ̀. Sánì wá sọ pé àwọn ti rà á rí. Ó ní ọ̀kan nínú wọn fi í sínú àpò awọ tó ń so mọ́ ikùn, ó fẹ́ kó pamọ́ di ìgbà tí yóò wọ́n sí i. Ìgbà ooru ni, ìgbà tí ọ̀dà ojú títì ń yọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọkùnrin náà ń gbọ̀n bí ẹni tó kó sínú odò. Ọjọ́ tó tú àpò náà sílẹ̀ ni ara rẹ̀ tó móoru. Kuɗin sanyi ni wọ́n ń pe owó náà láàárín ara wọn, owó tútù. Mo ní ibà ló ṣe ọkùnrin náà. Sánì ní bóyá ibà ni. Ó ní kí n ṣáà mú aṣọ nínípọn dání.

Ẹ mọ̀ mí, Màmá. Ohun tí wọ́n bá ní kí n má ṣe ni mo máa ń ṣe. Mo wọ kéké láti Narayi tí mo ń gbé, ó di Doka. Ilé tí wọ́n júwe kò ga, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ páànù aláwọ̀ ewé. Ẹni tó ṣí i fún mi, Ìyá Múfú ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Ìyá Múfú. Agboolé kan náà la jọ gbé ní Kakuri nígbà tí ẹ̀rọ aṣọ ṣì ń dún lọ́sàn-án lóru, tí ọkọ tèmi àti ọkọ tirẹ̀ jọ ń lọ síṣẹ́. Mùsùlùmí ni, ìjọ́sìn kò pín wa níyà, ìkòkò kan náà la fi ń se ọbẹ̀. Ọkọ mi kò sí mọ́, ọkọ tirẹ̀ náà kò sí mọ́. Lẹ́yìn ìjà ẹ̀sìn tó gba ìgboro, olúkúlùkù gba ibi tí ara tù ú lọ, òun kó lọ sí apá àríwá ìlú, èmi kó wá sí Narayi, a sì sọ ara wa nù. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Múfútáù, tí òun máa ń pè ní Àkàndé. Ibà ló pa ọmọ náà, ní Kakuri, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Mo rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó dì í. Ẹ rántí pé mo sọ ọ́ báyìí.

A dì mọ́ra, a sunkún díẹ̀, a bú ara wa pé ìwọ lo ò wá mi, rárá, ìwọ ni. Nínú ilé tí mo ń gbé, ọmọ kékeré pàápàá, bí mo bá kí wọn ní Yorùbá, Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Nítorí náà ẹ má bi mí bí ó ti dùn tó láti gbọ́ ẹni tó ń fi èdè wa bú mi. Mo wá sọ ohun tí mo bá wá. Ó fa ìdì kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Pọ́n-ùn ni, tuntun, ó ń dán. Mo fọwọ́ kàn án. Màmá, ọ̀sán gangan ni, òógùn ń ṣàn lọ́rùn wa, ṣùgbọ́n owó yẹn tutù bí ẹnu ìkòkò omi. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń ṣe mí. Mo tún kàn án.

Ó bi mí ìlú tí Bùnmi wà. Mo sọ ọ́. Ó mú ìdì náà kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi, ó dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì sọ pé: "Gbogbo ayé ni mo lè tà á fún, àfi ìwọ."

Inú bí mi. Mo bi í bóyá náírà mi ń rùn. Mo ní ṣé nítorí pé ó mọ̀ mí ní aláìní nígbà tí a wà ní Kakuri ni. Ó jẹ́ kí n pariwo tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ibi tí owó náà ti ń wá. Ó ní lẹ́yìn tí òun kó dé Doka ni ó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn, ẹni tí òun kò mọ̀ rí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé. Kì í ṣe ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: pé ọmọkùnrin kan ń ta báàgì àti ike fóònù ní ọjà ìlú tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yẹn, ó gbọ́ tí àwọn ń sọ Hausa, ó bi àwọn bóyá Kaduna làwọn ń lọ, ó ní kí àwọn bá òun mú èyí fún ìyá òun. Kì í dárúkọ. Ó kàn ní kí wọ́n sọ pé Àkàndé ní kí wọ́n kí i. Wọ́n ní ehín rẹ̀ ní èjí. Wọ́n ní àpá kan gé ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ sí méjì, níbi tí korobá kànga Kakuri ti bà á ní kékeré. Wọ́n ní kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ilé Doka yìí gan-an ló máa ń júwe fún wọn, ilẹ̀kùn páànù aláwọ̀ ewé, ilé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì mọ̀ nígbà tí Múfú wà láyé.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa ní kékeré, Màmá, nígbà tí a bá ń ṣa ẹ̀pà: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé tí ó kú, a máa lọ tẹ̀dó sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. A máa ṣiṣẹ́, a máa jẹun, a máa rẹ́rìn-ín bí alààyè. Àkúdàáyà ni. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ ikú rẹ̀ bá fojú kan ojú rẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò dìde níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. Ìyá Múfú ní òun fúnra òun kò jẹ́ lọ síbẹ̀ nítorí èyí. Ó ní òun kò lè ná owó náà bí ó ṣe wà, òun kò sì jẹ́ kí Jímọ̀ kọjá lórí rẹ̀ nínú ilé, kí òtútù rẹ̀ má baà wọ òun lára. Arìnrìn-àjò ni òun ń tà á fún, ní iye tí yóò fi tètè lọ, nítorí owó náà fẹ́ padà síbi tó ti wá. Náírà tó bá yọ níbẹ̀ lòun fi ń jẹun. Ó ní nínú gbogbo ẹni tó ṣẹ́kù láyé lẹ́yìn òun, ojú tèmi nìkan ló mọ Múfú láàyè àti lókùú. Ó ní kí n má lọ sí ìlú yẹn, pé ọmọ òun nìyẹn, ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní irọ́ ni. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo ní gbájúẹ̀ kan ló ń fi ọgbọ́n ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí gbájúẹ̀ tó ń fúnni lówó. Mo ní ọmọ tèmi fẹ́ bímọ lọ́hùn-ún, mi ò ní tìtorí àlọ́ jókòó sílé. Mo bínú jáde. Mo pinnu pé n ó ra ti Sánì, kí ó wọ́n bó ṣe fẹ́, n ó sì lọ.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ rèé. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi ní Narayi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Bùnmi pè mí lórí fóònù tó ń fi àwòrán hàn. Ọjà ló wà, ó ń ra aṣọ ọmọ. Ó ń yí fóònù kiri kí n lè rí ìlú, èmi náà ń pariwo bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ń sọ pé èyí kéré, èyí wọ́n, kí ó fi ìyẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ìsọ̀ kan tí wọ́n fi ike fóònù kọ́ káàkiri. Ọmọkùnrin kan kẹ́yìn sí wa, ó ń to ọjà. Bí ohùn mi ṣe tún jáde báyìí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ họ ìpàkọ́ rẹ̀. Màmá, ènìyàn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ họra, mo ti nà án rí nítorí pé ó ń ṣe é tí mo bá ń bá a wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú.

Mo da fóònù náà bolẹ̀ sórí itan mi, mo fi ìró bò ó, mo sì di ojú. Mo ń gbọ́ Bùnmi tó ń pè mí lábẹ́ aṣọ. Òtútù gba inú ìró wọ inú itan mi, ó sì wà níbẹ̀ títí mo fi pa fóònù.

Bùnmi padà pè, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ oníke fóònù kan bá òun sọ̀rọ̀, ó sọ Yorùbá tó dà bíi ti àwa ará Kaduna, Hausa pọ̀ nínú rẹ̀. Bùnmi kò mọ Múfú. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí Múfú kú. Mo bi í pé kí ni ọmọ náà sọ. Ó ní kò sọ ohun tó yé òun. Ó kàn ní: "Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé wọ́n ṣeun tí wọn ò wò."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ pé mi ò lọ mọ́, Lásún. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún Bùnmi. Ó sunkún. Ó ní ìgbéraga mi ni mo fẹ́ràn ju òun lọ, ó sì pẹ́ kí ó tó tún pè mí. Ó bímọ láìsí mi. Orí fóònù ni mo ti sọ ọmọ náà lórúkọ, ọkọ rẹ̀ ló sì bá mi ju owó sínú omi. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀yin ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ọ̀ffà, ìyá kan ń jẹun ní Doka nítorí pé mo jókòó. Èmi àti òun tún di ọ̀rẹ́. Mo ń lọ kí i, a kì í sọ̀rọ̀ owó.

Nígbà tí ooru tó kọjá yìí mú gan-an, ó ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a lórí ẹní, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lára rẹ̀. Àìsàn kò jẹ́ kí ó lè ta ìdì kan tó dé gbẹ̀yìn, Jímọ̀ sì ti kọjá lórí rẹ̀ nínú ilé náà. Ó ní kí n rà á. Mo ní kí ó gbàgbé ìyẹn. Ó ní dandan ni kí n rà á, a kì í gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n iye tí pọ́n-ùn wà nígbà tí Múfú kú ni kí n san. Mo san án. Kò sí ẹni tó tíì ra pọ́n-ùn ní iye yẹn ní gbogbo Kaduna láti ọjọ́ tí mo ti darúgbó. Ohun tí mo san kò ra búrẹ́dì lónìí. Ó wá fà mí mọ́ra, ẹnu rẹ̀ tutù létí mi. Ó ní: "Bí mo bá ti lọ, ìwọ náà lọ bá a. Wò ó dáadáa."

Kò pẹ́ sí i tó fi lọ. Àwọn ará mọ́sálásí sin ín kí oòrùn tó wọ̀.

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ dé, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi ní Narayi. Ó ti Ìlú Ọba dé. Ó ní òun lọ sí Doka, wọ́n ní Ìyá Múfú kò sí mọ́, wọ́n júwe ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìdì lé mi lọ́wọ́, ó ní Àkàndé ní kí wọ́n kí i, pé kí ó fi ra aṣọ òtútù. Múfú kò tíì gbọ́ ikú ìyá rẹ̀. Òkú ń bọ́ òkú, alààyè ni wọ́n sì ń rán níṣẹ́. Ọmọ náà wà nínú yìnyín níbẹ̀, ó ń tajà, ó ń rò pé ìyá òun ń jẹun. Ta ni yóò túfọ̀ fún un? Ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà mo gba físà kejì. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni mo ń lọ. Ti ọmọ ọmọ mi, ọ̀dọ̀ Màláàmù Sánì ni mo ti ra pọ́n-ùn rẹ̀. Ó wọ́n, mo ná an, kò dín tó, mo san án, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí owó ènìyàn. Ìdì tútù méjèèjì wà lọ́tọ̀, mo fi aṣọ wé wọn, ìta ni mo sì ń gbé wọn sí kí Jímọ̀ má baà bá wọn nínú ilé. Ọwọ́ ẹni tó ni wọ́n ni n ó dá wọn padà sí. N ó lọ sí ọjà náà ní ọ̀sán gangan. N ó pe Àkàndé. Bí ó bá yíjú, mi ò ní di ojú. N ó wò ó dáadáa, n ó sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti ṣíwájú, kí ó dìde, kí ó máa lọ bá a.

Ẹ̀rù kò bà mí. Ohun tó wúwo lọ́kàn mi ni pé èmi tí mo pọn omi fún un lẹ́ẹ̀kan, èmi náà ni n ó tún lé e kúrò láyé lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti sọ ọ́ fún Bùnmi báyìí, gbogbo rẹ̀. Ó ní òun yóò bá mi dé ẹnu ọjà, òun kò ní wọlé.

Màmá mi Àgbà, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a ránṣẹ́ sí yín kí a má bá yín nílé. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ilé kò ní dàrú, ọ̀nà kò ní dínà mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ bá mi kí ìyàwó Baálé, ẹ bá mi kí àwọn ará ìsàlẹ̀ àti tòkè, ẹ kí àwọn tó wà níbi sàréè ìyá mi tí ẹ bá débẹ̀. Ẹ kí Lásún náà, ẹ ní kí ó máa bá mi ṣàdúrà ní ọjọ́bọ̀, kí ó fi ẹnu rẹ̀ ṣe iṣẹ́ rere kan.

Èmi ni ọmọ yín, tó ń dọ̀bálẹ̀ lọ́kàn tó ń kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀,
Àjọkẹ́, Ìyá Bùnmi, ní Narayi.